Mo Fi Ọwọ́ Kan Gun Àpáta Létí Adágún

Ẹ sún mọ́bí, ẹ sún mọ́bí dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé kí ẹ pa ilẹ̀kùn dé, kí atẹ́gùn má bàa gbé ọ̀rọ̀ mi lọ fún aládùúgbò tí kò gbọ́ Yorùbá. Ẹni tí àga kò bá kàn, kó jókòó sílẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ilé Moróunkọ́lá ọmọ mi nípọn ju bẹ́ẹ̀dì tí mo bá nílé ọkọ lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi, ó ti ń yún mi láti àná.

Mo lá àlá kan. Kì í ṣe lóru o. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn, orí àga ni mo sùn sí, mo sì wọ bàtà. Ẹni tó bá wọ bàtà sùn, ẹ ò mọ̀ pé àlá rẹ̀ á rìn jìnnà ni?

Kí n tó dé ìdí àlá náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Ó di oṣù mẹ́ta tí mo ti wà ní Minesótà l'Amẹ́ríkà níbí, lọ́dọ̀ Moróunkọ́lá àti Ọlátúbọ̀sún ọkọ rẹ̀. Tiwálọlá ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni mo wá wò. Ọjọ́ tí mo dé, ọmọ náà kò jẹ́ kí n sinmi. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló sùn, ó ń fi ọwọ́ fa etí mi bí ẹni ń wò ó bóyá ó máa já. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó gbé omi wá fún mi nínú ife, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọwọ́ òsì ló fi gbé e.

Mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ pé kó o máa fi òsì fún àgbà ní nǹkan? Gbé e padà. Fi ọ̀tún gbé e wá."

Ó gbé e padà. Ó fi ọ̀tún gbé e wá, ìdajì omi ti dà sílẹ̀, nítorí ọlọ́wọ́ òsì ni Ọlọ́run dá a. Òsì ló fi ń kọ̀wé, òsì ló fi ń jẹun, òsì ló fi ń juwọ́ sí bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ní Ìgbàjọ tí wọ́n ti bí mi, bí o bá fi òsì na nǹkan sí àgbà, bí ẹni bú u ni. Odidi ọdún kan ni ìyá mi fi ń fi ọ̀já so ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ìhà, títí ọwọ́ náà fi gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo rí nìyẹn, òun náà ni mo ń ṣe. Tiwálọlá gbé gèlè mi wá, "Gbé e padà." Ó mú ọsàn wá, "Gbé e padà."

Moróunkọ́lá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn."

Mo ní, "Ìwọ náà, bí mo bá fi ẹ́ sílẹ̀ bó o ṣe rí, ṣé Ọlátúbọ̀sún á wo ẹ̀gbẹ́ ibi tó o wà?"

Nígbà tó yá, ọmọ náà dá ọgbọ́n tirẹ̀. Bó bá fẹ́ fún mi ní nǹkan, á gbé e sórí tábìlì, á yí ẹ̀yìn padà, á lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ti borí. Ìgbà tí kò wá sórí bẹ́ẹ̀dì mi mọ́ ni mo mọ̀ pé n kò borí ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Sátidé yìí ni mo ń padà sílé. Ọmọ kan ṣoṣo tí ọmọ mi bí, ṣé bí mo ṣe máa fi í sílẹ̀ nìyẹn, kí tábìlì wà láàárín èmi àti ẹ̀?

Àná wá ni Ọlátúbọ̀sún kó gbogbo wa sínú mọ́tò, ó ní a ń lọ síbi adágún. Adágún wo! Omi tí ẹ kò rí òdìkejì rẹ̀, ó tutù bí ojú ìyàwó tí wọ́n kò kí. Àpáta kan wà létí rẹ̀, ó pọ́n, ó ga fíofío. Ẹ wá wo àwọn ènìyàn tí orí wọn pé: wọ́n dé akoto, wọ́n so okùn mọ́ ìbàdí, wọ́n fi àtíkè funfun pa ọwọ́, wọ́n ń gun àpáta. Kò sí ohun tí wọ́n gbàgbé sókè. Wọ́n kàn ń gùn ún ni, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tún gùn ún. Ẹnì kan á máa gùn, ẹnì kejì á di okùn rẹ̀ mú, kó má baà já bọ́. Tiwálọlá náà gùn ún, bí aláǹgbá. Nígbà tó dókè, ó pariwo, "Mọ́mì, ẹ wò mí!" Kò pè mí. Mo jókòó sórí àga tí wọ́n ń ká, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo itan, mo ń wò ó, oorun sì gbé mi lọ.

Bàtà mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo wolẹ̀, mo rí i pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ sí bàtà àwọn agunpáta, èyí tó ń fún ènìyàn lẹ́sẹ̀ pinpin.

Ó ní, "Màmá, ẹ kú ìfaradà."

Mo ní, "Ìwọ náà kú ìfaradà ẹsẹ̀ mi."

Ó ní, "Ẹ dìde o. Tiwálọlá wà lórí àpáta. Bí aago mẹ́rin bá lù, wọ́n máa fún un ní màmá àgbà mìíràn."

Mo ní, "Èmi ńkọ́?"

Bàtà ní, "Òfin ibí ni. Màmá àgbà tí kò bá gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, àyè rẹ̀ ti ṣófo. Àfi tí ẹ bá gun òkè bá a kó tó di aago mẹ́rin. Ẹ kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ ní ọ́fíìsì."

Mo ní ó dára. Kò yà mí lẹ́nu. Ìjọba tó ní kí n ya fọ́tò etí mi méjèèjì kí n tó wọ bàálù, kí ni wọn ò lè ṣe?

Ọ́fíìsì náà léfòó lórí adágún, ó ní fèrèsé, ó ní kọ́tìnnì, ìgbì ń gbé e lọ, ìgbì ń gbé e bọ̀. Mo fi ẹsẹ̀ rìn lórí omi débẹ̀. Omi náà le bí ẹ̀kọ tó ti dì. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn so táì.

Ọ̀gá wọn ní, "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ṣé ẹ lè kọ orúkọ yín?"

Mo ní, "Ìwé méjì ni mo kà kí bàbá mi tó kú. Mo lè kọ ìdajì rẹ̀."

Ó ní, "Ìdajì ò tó. Ẹ tẹ àtàǹpàkò. Ti òsì."

"Ti kí ni?"

"Ti òsì, Màmá. Òun ni ìjọba ń gbà."

Mo ní, "Ìjọba yìí ò ní ìyá ni? Ṣé kí n na òsì sí gbogbo ìlú, kí wọ́n ní wọn ò kọ́ mi nílé?" Mo bá fi ọ̀tún tẹ̀ ẹ́. Iǹkì kọ̀, ó sá kúrò lójú ìwé, ó lọ dúró sí igun ògiri bí ọmọ tí wọ́n fi ìyà jẹ. Ọ̀gá wo ìwé, ó wò mí, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀." Ó ti di ewúrẹ́. Àwọn méjì tó kù wo ara wọn, àwọn náà di ewúrẹ́, kí ó má baà dà bíi pé wọ́n ń ṣe àfojúdi sí ọ̀gá. Táì ṣì wà lọ́rùn wọn. Ọ̀gá fa fọ́ọ̀mù mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Mo ní, "Mo bá yín níre o."

Ó ní, "Ẹ wá bá wa jẹ ẹ́."

Mo ní, "Á gba ibi ire."

Ó gbé e mì, ó nu irùngbọ̀n. Ó ní, "Ó ti parí, Màmá. Fọ́ọ̀mù yín ti wọlé."

Ibi tí mo ti fẹ́ jáde ni mo rí fìríìjì funfun kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó wé gèlè, ó gbé àpò lé itan. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ni màmá àgbà kejì náà. Inú mi ò dùn sí i, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í torí ìyẹn má kí ènìyàn.

Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ìyá."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá Moróun. Ẹ má bínú sí mi o, wọ́n kàn ní kí n wá ni." Ohùn rẹ̀ ń kùn, hììììì.

"Kí lẹ lè ṣe fún ọmọ?"

"Kò pọ̀. Ohun tó bá gbé wá ni mo máa gbà. Ọ̀tún ni o, òsì ni o, n kì í béèrè. Bó bá ti ṣí mi báyìí, iná á tàn nínú mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi níbi kan. Mo ní, "Ṣé ẹ lè pọ̀n ọ́n?"

Ó wolẹ̀, ojú ń tì í. Ó ní, "Ẹ̀yìn mi máa ń móoru díẹ̀."

Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Lóòótọ́, ó ń móoru. Mo rí i pé ènìyàn dáadáa ni. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí.

Mo ní, "Orin ńkọ́? Ṣé ẹ lè kọrin?"

"Hììììì nìkan ni mo mọ̀."

Mo ní, "Ó ku ibì kan tí mo fi jù yín lọ nìyẹn." Mo bá sáré jáde.

Okùn kan sọ̀ kalẹ̀ látorí àpáta, ó so ara rẹ̀ mọ́ ìbàdí mi. N kò bi í pé ta ló dì í mú lókè. Mo ki ọwọ́ òsì bọ inú ìró mi lẹ́yìn, mo fi ọ̀tún di àpáta mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àpáta yẹn ti wà kí wọ́n tó bí ìyá ìyá ìyá mi. Àgbà ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi òsì dì í mú lójú ni? Bí mo bá fẹ́ tú ọ̀tún sílẹ̀ kí n lè di ibòmíràn mú, eyín ni mo fi ń há mọ́ òkúta. Eyín mẹ́fà ló kù fún mi, gbogbo wọn ló ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Níbi tí ẹnu mi bá ti ṣófo, mo ń kọrin, àwọn ewúrẹ́ ń gbè é nísàlẹ̀:

Màmá àgbà ń gòkè o,
Ẹ yà fún un!
Orúnkún ń ké kọ́ọ́, kọ́ọ́,
Ẹ yà fún un!
Ọmọ ọmọ mi ń bẹ lókè,
Ẹ yà fún un!
Ẹ má fi fìríìjì rọ́pò mi,
Ẹ yà fún un!

Mo dé àárín àpáta báyìí, mo gbọ́ ohùn kan. "Ta ló ń gé mi jẹ?"

Mo yọ eyín. Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ kú ìjókòó o."

Àpáta ní, "Màmá ni mí."

Háà! Ojú tì mí. Mo ní kí n kúnlẹ̀, kí n tún wọn kí bó ṣe yẹ. Ẹ gbọ́ mi o: mo kúnlẹ̀. Lágbedeméjì òkè! Orúnkún mi ò bá nǹkan kan, ẹsẹ̀ mi méjèèjì yọ, ọ̀tún mi já, mo ń fì dirodiro lẹ́nu okùn bí aṣọ tí wọ́n sá. Àwọn ewúrẹ́ mẹ́ta sì ń gòkè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, táì wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, wọ́n ń fi okùn fa fìríìjì lẹ́yìn.

Ọ̀gá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, a ń kọjá. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún."

Fìríìjì wò mí tàánútàánú. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá Moróun."

Àpáta ní, "Ọwọ́ rẹ kejì dà?"

Mo ní, "Ó wà lẹ́yìn, ìyá. Òsì ni. N kò lè fi òsì kàn yín."

Àpáta rẹ́rìn-ín, gbogbo ẹyẹ funfun tó tẹ́ ìtẹ́ sí ara rẹ̀ fò jáde. Ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n gbé Moróunkọ́lá lé ọ lọ́wọ́, ọwọ́ wo lo fi gbà á?"

"Ọwọ́ méjèèjì ni."

"Èwo nínú méjèèjì ló gbé orí ọmọ náà?"

Mo rò ó. Mo gbé apá mi bí ẹni gbé ọmọ tuntun, níbẹ̀ tí mo ń fì yẹn, kí n lè rántí. Ọ̀tún ló ń nu ojú rẹ̀. Òsì ló gbé orí.

Mo kàn gbójú sókè, ìgbà yẹn ni mo rí ẹni tó di okùn mi mú. Tiwálọlá ni. Ó dùbúlẹ̀ létí àpáta, òógùn bo ojú rẹ̀, ó wé okùn náà mọ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi gbogbo agbára dì í mú. Ọwọ́ òsì ni.

Òun náà rí i pé mo rí i. Ojú rẹ̀ yí padà. Ẹ̀yin ènìyàn, mo mọ ojú yẹn. Ojú tó máa ń ṣe bí mo bá ti ní "Gbé e padà" ni.

Ó ní, "Màmá Àgbà, ẹ má bínú. Mo ti gbàgbé. Mo máa fi ọ̀tún mú un."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà lọ́wọ́ òsì. Mo já wálẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan. Ó ń wá bí òun ṣe máa gbé e sí ọ̀tún, mo tún já wálẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan. Omi adágún ti la ẹnu sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń pọ́n ètè lá. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọmọ ló fẹ́ pa mí yìí o!

Mo lọgun, "Má pààrọ̀ rẹ̀! Tiwálọlá, má pààrọ̀ ọwọ́! Òsì rẹ ni kó o fi mú mi!"

Ó ní, "Ṣé kò burú?"

Mo ní, "Òun ni mo fẹ́. Òun gan-an ni mo fẹ́, ọmọ mi."

Okùn náà le gbagidi. Mo fa òsì tèmi yọ nínú ìró. Ọwọ́ náà na ara rẹ̀, ó yán, ó ní, "Ó mà tó gẹ́ẹ́ o." Mo fi ọwọ́ méjèèjì di àpáta mú, mo ní, "Ẹ gbà mí, ìyá mi." Àpáta ní, "Ọwọ́ ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa nìyí," ó sì ń yọ ìkángun òkúta jáde fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àtẹ̀gùn. Mo gùn ún bí ọmọdébìnrin. Nígbà tí mo dé etí òkè, fìríìjì ti jókòó síbẹ̀, àwọn ewúrẹ́ dúró tì í pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Tiwálọlá na òsì sí mi, nǹkan kan wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó pa dé.

Ó ní, "Ẹ gbà, Màmá Àgbà."

Fìríìjì ní, "Ẹ yára gbà á, ìyá Moróun, kó tó lù! Kí èmi náà lè lọ sílé, ẹja wà nínú mi."

Mo na ọwọ́ méjèèjì. Ojú mi là.

Orí àga ni mo wà, létí adágún, bùláńkẹ́ẹ̀tì ti já bọ́. Tiwálọlá dúró níwájú mi, akoto ṣì wà lórí rẹ̀, àtíkè funfun kún ìka rẹ̀. Ó gbé ẹja sísun wá nínú abọ́ pépà, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ gbé e kalẹ̀ sórí koríko lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi kó máa lọ. Ó rí i pé mo ti jí. Kíá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abọ́ náà láti òsì bọ́ sí ọ̀tún, abọ́ dagun, ẹja ń yọ̀ lọ sí etí.

Mo ní, "Má pààrọ̀ rẹ̀."

Ó dúró. Ó ní, "Màmá Àgbà, ọwọ́ òsì ni o."

Mo ní, "Mo rí i." Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo gbà á, mo tún tẹrí ba díẹ̀, bí ẹni gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ju ẹni lọ. Mo ní, "O ṣeun. Mo ti ń ṣe ẹ́ bí kò ṣe yẹ. Má bínú sí mi."

Moróunkọ́lá tó ń yí ẹja nídìí iná gbàgbé ẹja, ó ń wò wá. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà kàn jókòó sórí itan mi, gbì, pẹ̀lú aṣọ tí òógùn ti rin, akoto rẹ̀ sì gbá mi lágbọ̀n. Ó nu àtíkè ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró mi. Ó ní òun fẹ́ tún àpáta náà gùn, kí n má sùn o, kí n máa wo òun. Mo ní báwo ni mo ṣe máa sùn? Mo wò ó títí ọrùn fi ń ro mí, mo sì ń kọrin, òun náà ń gbè é látòkè, ohùn rẹ̀ ń lọ lójú omi.

Àlá mi nìyẹn. Tiwálọlá ló ń gbé abọ́ ẹja yípo láàárín yín yẹn, ó ní òun ò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun pín in. Ẹ gba tiyín lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bù sí i. Ẹja ṣì pọ̀, Ọlátúbọ̀sún ra èyí tó lè bọ́ ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ ti yó, ẹ dì fún àwọn tó wà nílé. Òtútù ti ń mú níta, ẹ de kọ́là yín dáadáa, ẹ rọra wa mọ́tò. Inú yín dùn, ikùn yín kún, èmi náà yó. Ó dàárọ̀ o.